Òǹkàwé Nínú Àpótí Ẹlẹ́jọ́: Lámèyítọ́ Eré The Chatterley Affair

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí àsíá tuntun Nàìjíríà kò tí ì lò tó oṣù kan lórí òpó rẹ̀, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ́ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Penguin lọ sí kóòtù Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ìwé Lady Chatterley's Lover, tí D. H. Lawrence kọ, kún fún ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá tí ó lè ba ìwà ẹni tí ó bá kà á jẹ́. Ẹjọ́ yìí ni Andrew Davies sọ di eré The Chatterley Affair, tí BBC gbé sórí tẹlifíṣàn ní ọdún 2006. Bí mo ti yẹ eré náà wò, òǹkàwé ni mo rí nínú àpótí ẹlẹ́jọ́; ìwé wulẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí a gbé ka iwájú adájọ́ ni.

Mervyn Griffith-Jones, agbẹjọ́rò ìjọba, ló kọ́kọ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ síta, nígbà tí ó bi àwọn júrì méjìlá bóyá irú ìwé tí wọ́n lè fẹ́ kí aya wọn tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn kà nìyí. Ṣílè mẹ́ta-ààbọ̀ ni Penguin fẹ́ tà á, owó tí apá òṣìṣẹ́ lásán ká. Ẹni tí a rò pé kò ní làákàyè tó láti kàwé kí orí rẹ̀ má dàrú ni à ń bẹ̀rù. Davies mọ èyí dájú, ó sì gbé ojú eré rẹ̀ kúrò lára àwọn agbẹjọ́rò, ó gbé e sára àwọn júrì, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin mẹ́sàn-án, tí a kó sí yàrá kan nínú kóòtù láti ka ìwé náà, nítorí pé a kò gbà kí wọ́n mú un lọ sílé.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí a tú ohun tí júrì bá sọ láàárín ara wọn síta. Davies fi àròsọ dí àlàfo náà. Ó dá Helena àti Keith sílẹ̀, obìnrin tí ó ti inú ọlá wá àti ọkùnrin mẹ̀kúnnù tí ó ní aya nílé, tí wọ́n kó sínú ìfẹ́ ara wọn títí wọ́n fi ń ṣe ohun tí ìwé ń wí. Alárìíwísí lè sọ pé ẹjọ́ olùpẹ̀jọ́ ni Davies bá a rò, kò sì jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n agbára eré náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kò parọ́ pé ìwé kò lè mi ọkàn ènìyàn. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ìwé mi lọ́kàn lè jókòó síbẹ̀, kí ó gbọ́ tọ̀tún-tòsì, kí ó sì dájọ́ bí àgbà.

Nínú ẹlẹ́rìí márùndínlógójì tí ó gbe Penguin lẹ́yìn ni Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Woolwich wà, ẹni tí ó wí pé Lawrence fẹ́ fi ìbálòpọ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ohun mímọ́. Ẹnu ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì; kò yẹ kí ó ya ará Ìrókò ní Akínyẹlé, lẹ́bàá Ìbàdàn, tàbí ẹnikẹ́ni tí ó pe Ìbàdàn Mesi Ògò ní baba ìlú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni à ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún òrìṣà ìlú Ìbàdàn, Òkèbàdàn, Atàgẹ olómú orù, ìyá tí àwọn àgàn ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Abọkè, àwòrò Òkèbàdàn, ti ń ṣètùtù, bẹ́ẹ̀ ni tọmọdé-tàgbà ń forin dárúkọ ohun tí aṣọ bò, tí wọ́n ń fi bú olówó àti tálákà, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú. Ojú ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wáyé ni wọ́n ń dárúkọ níwájú ìyá ọlọ́mọ, ìlú sì ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tí ó bá tún dá orin náà ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni pé wọ́n fún àlùfàǹṣá ní ọjọ́ àti ìdí, wọn kò sì fi ẹnì kan sẹ́yìn pé kò gbọ́n tó láti gbọ́ ọ. Lóòótọ́, ìwé kò ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ni ó ń bọ́ sí nígbà gbogbo. Èyí gan-an ni ó fi di dandan pé kí a gbẹ́kẹ̀ lé òye ẹni tí ń kà á.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, júrì dá Penguin láre. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Jagua Nana, ìwé Cyprian Ekwensi lórí obìnrin afẹ́ kan ní Èkó, jáde. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fíìmù Ítálì kan fẹ́ yà á ní fíìmù ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a sì dínà rẹ̀. Kò sí àwọn méjìlá tí ó jókòó ka ìwé náà ṣáájú ìdájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, mo ń ké sí àwọn òǹkọ̀wé eré wa pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ Jagua Nana sórí tẹlifíṣàn bí Davies ti gbé ti Lawrence, kí wọ́n fi àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn tíṣà àti àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé ṣe júrì, kí ìwé náà lè rí àwọn tí yóò kà á kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́.