Akẹtẹ̀ méjì ní pápá Ascot

Bí a bá dárúkọ fíìmù *My Fair Lady*, tí George Cukor darí ní ọdún 1964, akẹtẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn àwọn tí ó ti wò ó. Wọn a gbàgbé orin, wọn a gbàgbé ìtàn Eliza Doolittle, ọmọbìnrin tí ń ta òdòdó ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Higgins mú sílé láti kọ́ ọ ní ọ̀nà tí àwọn ọlọ́lá ń gbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ gbàgbé akẹtẹ̀ fífẹ̀ bí àtẹ ọlọ́jà, oníyẹ̀ẹ́ ògòǹgò, ọlọ́já dúdú òun funfun, tí Audrey Hepburn dé lọ wo eré ẹṣin. Ní ọdún 2011, wọ́n ta aṣọ tí ó bá akẹtẹ̀ náà lọ ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ.

Ascot kì í ṣe àlá àwọn oníṣẹ́ fíìmù. Ọbabìnrin Anne ni ó dá pápá eré ẹṣin náà sílẹ̀ ní ọdún 1711, nítòsí Windsor. Ní ọgbà tí a yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹfà ọdọọdún, obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé láìdé nǹkan sórí. Bí kì í bá ṣe akẹtẹ̀ gidi, ìdí ohun tí ó dé gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti kọ àwọn ìyẹ́ kékeré tí a ń há mọ́ irun lásán. Akẹtẹ̀ ibẹ̀ ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ìwé ìwọlé ni.

Cecil Beaton, tí ó ṣe àwọn aṣọ fíìmù náà tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún un, mọ ìtàn ibẹ̀ dáadáa. Ọba Edward keje kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1910. Nígbà tí eré ẹṣin dé ní oṣù kejì rẹ̀, dúdú ni gbogbo àwọn ọlọ́lá wọ̀ lọ. Láti inú ọ̀fọ̀ yẹn ni Beaton ti mú dúdú òun funfun tirẹ̀. Fíìmù náà kò sọ fún òǹwòran pé ẹnikẹ́ni kú. Ọ̀fọ̀ ti lọ, àwọ̀ rẹ̀ ni ó kù.

Nígbà tí a wo fíìmù náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan kígbe pé: «Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rèé!» A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ọmọ Kétu kò lè rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí ènìyàn kí ó má rántí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ ejò, ẹyẹ, àní ọkọ̀ òfurufú sí lókè. Síbẹ̀, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó. Bí ó ti wù kí ó wúwo tó, ẹsẹ̀ tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ ń dá ìlù lóhùn. Akẹtẹ̀ Ascot ní tirẹ̀ ń dá ọrùn dúró. Nígbà tí àwọn ẹṣin ń sáré kọjá, àwọn ọlọ́lá dúró gbagidi bí ère. Orin wọn ń sọ pé ayọ̀ fẹ́ pa wọ́n, ojú wọn kò mì. Ibí yìí ni iṣẹ́ Beaton ti dùn mọ́ wa jù: ó fi akẹtẹ̀ àwọn ènìyàn náà ṣe ẹ̀fẹ̀ wọn.

Eliza wá jókòó láàárín wọn. Ìró ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní. Pẹ̀lú ìró náà ni ó fi ròyìn ikú àǹtí rẹ̀ kan: wọ́n ní ọ̀fìnkìn ni ó pa á, ṣùgbọ́n òun gbà pé ènìyàn ni ó pa á. Akẹtẹ̀ koríko tuntun tí obìnrin náà ní, èyí tí ó yẹ kí Eliza jogún, ni ẹnìkan jí. Ẹni tí ó jí i náà ni Eliza fi ẹ̀sùn ikú kàn.

Bernard Shaw ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí, nínú eré *Pygmalion* tí a kọ́kọ́ ṣe ní Vienna ní ọdún 1913. Kò sí ẹṣin nínú eré Shaw, kò sí Ascot; inú yàrá àlejò ìyá Higgins ni Eliza ti sọ ọ́. Àwọn tí ó sọ eré náà di olórin ní ọdún 1956, Lerner àti Loewe, ni ó gbé e lọ sí pápá ẹṣin. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ti tóbi tó. Obìnrin tí ó ru akẹtẹ̀ ńlá sórí ń sọ̀rọ̀ nípa akẹtẹ̀ koríko tí a lè tìtorí rẹ̀ pa arúgbó. Shaw fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ akẹtẹ̀ ṣeré: nígbà tí Eliza kọ́kọ́ wá sílé Higgins, ó fi ìyẹ́ ògòǹgò mẹ́ta sí tirẹ̀, ọ̀kan bí ọsàn, ọ̀kan bí ojú ọ̀run, ọ̀kan pupa. Ó múra wá ni.

Ẹ̀sùn wa sí Cukor ni pé ó jẹ́ kí akẹtẹ̀ koríko náà bọ́ sọnù. Kámẹ́rà rẹ̀ ti fẹ́ràn akẹtẹ̀ ńlá jù. Nígbà tí Eliza ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹwà ni a ń wò. Freddy, ọ̀dọ́kùnrin tí ó jókòó tì í, ń rẹ́rìn-ín, a sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní àwàdà kúkú ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwàdà Shaw ń bu àwọn olùgbọ́ jẹ. Ti Cukor ń fi ọwọ́ pa wọ́n lórí.

Lẹ́yìn náà ni Eliza fi ohùn ìgboro rẹ̀ kígbe sí ẹṣin tí ó ń gbè lẹ́yìn. Òun nìkan ni ó wá wo ẹṣin ní Ascot lọ́jọ́ náà! Kíláàsì wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọkùnrin kan lẹ́yìn. A mọ̀ ọ́n: láti oṣù kẹwàá ni kò ti la ẹnu rẹ̀ sọ èdè Faransé mọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bí ó ti ń pè é ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa olùkọ́ ti ṣe àtúnṣe ìró ẹnu rẹ̀ títí; a kò rántí ìgbà tí a bi í ní ohun tí ó fẹ́ sọ.

A dá fíìmù náà dúró, a sì padà sí ibi tí Eliza ti ń sọ ti àǹtí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin kan bi wá pé ta ni ó wá ń dé akẹtẹ̀ koríko náà lẹ́yìn ikú obìnrin yẹn. Shaw kò sọ. A ní kí olúkúlùkù lọ yà á wá sílé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé.