Yàrá tí Komine àti Nakagawa ṣírò

Ní oṣù kejì ọdún 2004, Toshihiko Komine àti Masao Nakagawa ti Yunifásítì Keio ní Jàpáànù gbé ìwádìí kan jáde nínú IEEE Transactions on Consumer Electronics, lórí bí iná LED tí a ń tàn sínú ilé ṣe lè máa gbé ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Yàrá kan ni wọ́n fi ṣírò: mítà 5 ní òró, 5 ní ìbú, 3 ní gíga, iná mẹ́rin lára àjà, LED 3,600 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àìmọye olùwádìí ló ṣì ń lo yàrá yìí.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni iṣẹ́ náà ti lágbára jù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá tààrà ló ń kọ́kọ́ dé; èyí tó lu ògiri kó tó ṣẹ́rí padà á pẹ́ dé, á sì dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń yára sí i ni ìdàpọ̀ náà ń burú sí i. Wọ́n ní kí ojú ẹ̀rọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ má ṣe ríran fẹ̀ jù. Òótọ́ ni, kò sì náni lówó. Ó tún ń dí oòrùn ẹ̀gbẹ́ lọ́nà. Àmọ́ ẹni tó bá ṣípò díẹ̀ lè pàdánù iná náà pátápátá.

Àmọ́ yàrá tí wọ́n ṣírò yìí kò jọ yàrá Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ̀n. Ooru kì í jẹ́ kí á ti fèrèsé lọ́sàn-án níbí, oòrùn á sì máa wọlé. Komine àti Nakagawa ka ìmọ́lẹ̀ àyíká mọ́ ìdíwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ohun tí kì í yí padà ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Iná NEPA ń mú kí gílóòbù ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń sáré sókè sódò, iye yẹn kò ní dúró. Kàpásítọ̀ kékeré lè lé irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ dànù, nítorí ọ̀rọ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ yára jù ú lọ fíìfíì. Ìlànà IEEE 802.15.7 ti ọdún 2011, tó wà fún fífi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, náà gba Manchester láàyè, ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń gbé ọ̀rọ̀ jìnnà sí ṣíṣẹ́jú gílóòbù. Oòrùn gan-an ló le: bí a tilẹ̀ yọ èyí tó dúró sójú kan kúrò, ìgbọ̀nrìrì tó ń dá sílẹ̀ nínú ojú ẹ̀rọ kò ṣeé yọ. Kí oòrùn tó wọlé sójú ẹ̀rọ ni kí a ti dín in kù, bóyá pẹ̀lú gíláàsì tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù nìkan kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ rí báyìí ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, tún ìṣirò yìí ṣe nínú yàrá gidi, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.