Afẹ́fẹ́ Ni Omi Rẹ̀

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, tí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen Beetle, lọ́sàn-án. Bí ọkọ̀ bá wọlé tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná, yóò ní kí ẹni tó ni ín fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Oníbàárà tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín tápẹ́ẹ̀tì àti ìdí fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, mìlímítà 0.15 péré ni, irin gbígbóná sì máa ń wú. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nígbà tí kò tíì tutù tán, irọ́ ló wọ̀n.

Abẹ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà wà, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dùbúlẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ó tẹ́ páálí, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fi sikurudíráfà tú wáyà tó de ìdérí fáàfù. Ọ́ìlì kán sínú abọ́. Ọmọ iṣẹ́ dúró lókè, ó ń fi sípánà yí púlì.

"Díẹ̀ sí i," ni ọ̀gá wí. "Díẹ̀. Ó tó."

Ó ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àyè bọ ibẹ̀. Kò wò ó. Àwọn tó ń gbẹ́rù lọ sọ́jà lójú títì ló ń wò. Irin náà gbọ́dọ̀ wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ fà díẹ̀ bó ṣe ń jáde. Bó bá kàn yọ̀ wọlé, àyè ti pọ̀ jù; bó bá di ọ̀ràn ká máa tì í, kò tó. Nọ́ọ̀tì tó kàn lẹ́yìn èyí ló ń fi ọ̀gá hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí èèyàn bá ń fún nọ́ọ̀tì, síkúrù àárín rẹ̀ máa ń fẹ́ bá a yí, ìwọ̀n tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí á sì bàjẹ́. Ó fi ọwọ́ kan di síkúrù mú pinpin, ó fi ọwọ́ kejì fún nọ́ọ̀tì, ó sì tún un wọ̀n. Mo ti rí àwọn tí kì í tún un wọ̀n, ọkọ̀ wọn sì ń rìn, fún ìgbà díẹ̀.

Sìlíńdà kẹta ló máa ń pẹ́ sí jù. Nínú àwọn Ìjàpá àtijọ́, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lọ síbẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìkẹta, ó ti gbóná. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ní Jámánì mọ̀, wọ́n sì yí i padà lára àwọn ẹ́ńjìnnì tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1971, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀gá yìí ní ìwé kékeré kan tí ọ́ìlì ti rin, tó ń kọ ìwọ̀n sí. Kì í ṣe èyí tó fi sílẹ̀ nìkan, èyí tó bá níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àyè fáàfù èéfín ti ìkẹta bá ń dín kù nígbà gbogbo tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, fáàfù ló ń nà. Bó bá nà títí, orí rẹ̀ lè já sínú sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì sì parí. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní gáréèjì náà, ìwé yẹn ni mo kà sí jù.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní rédíétọ̀, kò lo omi. Fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ara sìlíńdà, tí wọ́n gé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà kí ooru lè rí ibi jáde. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí dáínámò. Nítorí náà, bí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́nà Katiola, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan: kí awakọ̀ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kí òun délé ná ti sun ẹ́ńjìnnì.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ooru ilẹ̀ wa ló ń pa irú ọkọ̀ yìí. N kò gbà. Àìsí páànù ló ń pa á, àwọn páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká, àti rọ́bà tó dí àlàfo etí wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti ya afẹ́fẹ́ tútù òkè kúrò lára afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń kánjú máa ń tú wọn, á sì gbàgbé wọn sẹ́yìn gáréèjì, nítorí ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Fáànù á wá máa fa ooru tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tú jáde. Ọ̀gá yìí ń kó páànù jọ. Bó bá dé ibi tí wọ́n ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abidjan, òun ló kọ́kọ́ ń béèrè, kó tó béèrè písítìnì. Rọ́bà ló ń wọ́n, ó sì ń gé e láti ara túùbù tírélà, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ etí rẹ̀ títí yóò fi jókòó. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi túùbù sítòsí páìpù èéfín láéláé, mo sì ti sọ fún un.

Orílẹ̀-èdè yìí mọ ẹ́ńjìnnì aláfẹ́fẹ́ dáadáa. Abidjan ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ Baby-Brousse ti Citroën títí di ọdún 1979: páànù tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fi bóòtù dè, lórí ẹsẹ̀ 2CV, sìlíńdà méjì, kò sí omi. Ó lé ní 30,000 tí wọ́n ṣe. Àbúrò Ìjàpá tó yára jù lọ náà ti gba ibí kọjá: lọ́dún 1984, tí ìdíje Paris–Dakar la Côte d'Ivoire, Porsche 911 tí René Metge wa ló gba ipò kìíní. Sìlíńdà mẹ́fà ló ní, fáàfù méjìlá, mìlímítà 0.10 sì ni àyè tiwọn. Fáàfù èéfín rẹ̀ náà wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, nítorí náà ọwọ́ tó bá ti mọ Ìjàpá kò ní ṣàjèjì sí i. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu 911 lára títí di 1998.

Ọ́ìlì lítà méjì àtààbọ̀ péré ni Ìjàpá ń gbà, kò sì ní fílítà, asẹ́ wáyà kan ló ní. Ní àkókò ọyẹ́ tí eruku bá gba Bouaké, ọ̀gá á ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú ìgbà tí ìwé sọ. Ó fi pẹtiróòlù fọ asẹ́, ó gbé e sí oòrùn, ó ń wá irin tó ń dán. Kò sí. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ìdérí, ó fi wáyà dè é, ó ní kí ọmọ ṣíná sí i.

Alhaji tó ni ọkọ̀ tẹ́tí. "Ọ̀gá, ó ṣì ń dún tíkí-tíkí."

"Ó yẹ kó dún, Alhaji. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e wá."

Alhaji sanwó, ó ra bẹ́líìtì kan sí i, ó jù ú sí búùtù. Corolla kan tí omi ń jò lára rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti àná. Òun ló kàn.