Atọ́kùn tàbí Eégún? Àyẹ̀wò Ìrántí Àwọn Atọ́kùn Ètò Ìdíje Orí Amóhùnmáwòrán

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba àwọn òpópónà Ṣómólú kọjá yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú àti pósítà ìrántí olóògbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Èkó. Ìlànà irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: àwòrán, orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, ìtàn ìgbésí ayé, orúkọ àwọn ọmọ. Ohun tí olóògbé ṣe àti àwọn tí ó fi sílẹ̀ ni ìrántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn kan wà láwùjọ òde òní tí ìrántí rẹ̀ kò tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹni náà ni atọ́kùn ètò ìdíje orí amóhùnmáwòrán. Nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn òǹwòran ti ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo rántí rẹ̀. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó ń fi hàn nípa ipò èdè Yorùbá nínú irú eré yìí, ni àyẹ̀wò yìí dá lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà "Atọ́kùn"

Orúkọ tí Yorùbá fún oníṣẹ́ yìí ti ní òṣùwọ̀n nínú. Láti òde egúngún ni ó ti wá. Atọ́kùn ni ó ń ṣíwájú eégún, tí ó ń la ọ̀nà, tí ó ń sọ ohun tí ará ọ̀run wí fún ará ayé, tí ó sì ń ṣọ́ ọ kí ó má baà kọsẹ̀, nítorí ẹni tí ó wà nínú aṣọ kò ríran tó ẹni tí ó wà níta. Eégún ni èrò wá wò. Bí eégún bá jó dáadáa, eégún ni ó ni ìyìn. Bí ó bá ṣubú, wọn yóò béèrè ibi tí atọ́kùn rẹ̀ wà.

Nínú ètò ìdíje, olùdíje ni eégún. Òun ni ìbẹ̀rù àti ìrètí dà bo bí ẹ̀kú, tí ọ̀nà kò sì hàn sí i dáadáa. Ìbéèrè tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi irú eré bẹ́ẹ̀ nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí ó ń ṣíwájú ṣì jẹ́ atọ́kùn, àbí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀kú wọ̀?

Ẹni tí Ó Béèrè àti Ẹni tí Ó Dáhùn

Ètò Who Wants to Be a Millionaire bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, Chris Tarrant sì ni atọ́kùn rẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní 2004. Frank Edoho ni ó darí rẹ̀ títí di 2017. Nígbà tí ètò náà tún padà dé ní 2022, òun náà ni wọ́n pè. Ní 2009 ni olùdíje kan kọ́kọ́ gba ₦10,000,000, tí í ṣe ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ nígbà náà. Síbẹ̀, orúkọ Edoho ni ó wà lẹ́nu èrò, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó jẹ owó náà.

Ìdí mẹ́ta ni ó fà á. Èkíní, olùdíje ń wá, ó ń lọ. Atọ́kùn ni ó ń dúró. Èkejì, ìlú tí wọ́n bá ti gbà láti ṣe ètò yìí, orin kan náà, iná kan náà àti ìtẹ̀léra ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń lò. Atọ́kùn ni ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan lè pè ní tirẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ Edoho, ẹ̀rín rẹ̀ àti bí ó ṣe ń fa ohùn ni ó sọ eré àjòjì di eré Nàìjíríà. Ẹ̀kẹta ni àwítúnwí. Ó máa ń béèrè bóyá ìdáhùn tí olùdíje mú wá ni ìdáhùn ìkẹyìn rẹ̀. Gbólóhùn yìí ní ìrísí ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò wá ìmọ̀ kankan, nítorí a ti dáhùn ná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mi ọkàn ẹni tí ó dáhùn.

Yorùbá ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nínú eré yìí, ẹni tí ó ń béèrè ni ó mọ ọ̀nà. Ẹni tí ó ń dáhùn ni ó lè ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú àlọ́ àpamọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tí ó dáhùn lónìí lè di apàlọ́ láìpẹ́. Nínú ètò ìdíje, ipò kì í yí. Ẹnu kan ṣoṣo ni ìbéèrè ti ń jáde, ẹnu náà ni ìrántí sì ń kó jọ sí.

Kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Alex Trebek, tí ó darí Jeopardy! ní Amẹ́ríkà láti 1984 títí ó fi kú ní 2020, fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní atọ́kùn, kì í ṣe ìràwọ̀ ètò náà. Lójú tirẹ̀, àwọn olùdíje ni ìràwọ̀. Ó ti di olókìkí, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó wọ ẹ̀kú.

Èdè àti Ẹni tí Ó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Kí a mú òǹwòran kan ní Ìlàjẹ ní Bariga, létí ọ̀sà, obìnrin tí ó mọ ẹja, tí ó mọ ìgbà omi, tí ó sì mọ ìtàn ìdílé rẹ̀ dé ìran kẹrin. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìbéèrè. Bí ìmọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, kò rí ibi gbé e sí. Ohun tí ó kù fún un ni ojú atọ́kùn, ohùn rẹ̀, àti gbólóhùn tí a ti tún wí títí tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìrántí gbólóhùn yẹn kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó tún jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn kan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé ohùn olùṣọ́nà nìkan ni wọ́n gbọ́.

Níhìn-ín ni Máṣọ̀yìnbó, ètò tí Ọlálékan Fábílọlá ń darí lórí YouTube, ti ṣe pàtàkì. Òfin eré náà wà nínú orúkọ rẹ̀. Obìnrin Ìlàjẹ di ọ̀mọ̀wé, ẹni tí ó gboyè ní yunifásítì sì lè máa wá ọ̀rọ̀ tì. Òfin náà de atọ́kùn pẹ̀lú: bí ahọ́n rẹ̀ bá yọ̀, gbogbo ayé ni yóò gbọ́. Ewu kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, pé kí ẹ̀rín tí èrò ń fi ẹni tí ó gbàgbé èdè rẹ̀ rín má borí ẹ̀kọ́. Bí atọ́kùn bá jẹ́ kí olùdíje lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti tọ́ ọ sọ́nà. Bí ó bá fi í ṣẹ̀sín nìkan, ó ti na eégún tí ó yẹ kí ó ṣọ́.

Ìgúnlẹ̀

Òkìkí nìkan kò tó láti díwọ̀n atọ́kùn. Ọ̀pọ̀ ni gbólóhùn wọn yóò pẹ́ ju orúkọ wọn lọ. Òṣùwọ̀n tí èdè Yorùbá ti fi sínú orúkọ iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí lámèyítọ́ lò: báwo ni àwọn tí ó mú jáde ṣe padà sílé? Bí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú bá tẹ ìwé ìrántí atọ́kùn kan lọ́jọ́ iwájú, ibi tí ìwé àwọn mìíràn to orúkọ ọmọ sí ni ó yẹ kí orúkọ àwọn olùdíje rẹ̀ wà.