Ta Ló Pa Èdè Tofa?

Ní ọdún 2007 ni K. David Harrison, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ lórí ikú èdè jáde, When Languages Die. Lára àwọn ẹ̀yà tí ó mẹ́nu bà ni àwọn Tofalar, tí ń gbé abúlé mẹ́ta láàrin àwọn òkè Sayan ní Sàìbéríà, ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ ọdẹ àti sísin ìgalà ilẹ̀ òtútù, èyí tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin, ni iṣẹ́ àtayébáyé wọn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2010, ènìyàn 762 péré ni wọ́n. Àwọn tí ó gbọ́ èdè náà kò tó 100.

Harrison yẹ ọ̀rọ̀ wọn kan wò, döngür. Akọ ìgalà sínsìn tí ó wà ní ọdún kẹta rẹ̀, tí kò ì tíì tó gun abo, ni ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yìí dúró fún. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àgbébọ̀ sí ọmọ adìẹ yóò mọ ìwúlò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàyé náà wú mi lórí púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àkọlé kékeré ìwé yìí fi hàn pé ìmọ̀ ọmọ aráyé ni ó ń jẹrà bí èdè bá kú. Ibẹ̀ ni mo ti yapa. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ nìkan ni ó ń sọnù, ìwé kíkọ ì bá ti tó. Valentin Rassadin sì ti kọ ọ́: ó ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì fún wọn ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ sì jáde ní 1995. Síbẹ̀, ọmọ-ọmọ tí ìyá àgbà lè fi èdè náà pàlọ́ fún ń wọ́n sí i.

Ìjọba Soviet ni ó mú àwọn aṣíkiri wọ̀nyí jókòó sí abúlé, tí ó sọ agbo ẹran wọn di ti àjọ, tí ó sì fi èdè Rọ́ṣíà kọ́ àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí ọmọ kò da ẹran mọ́, kí ni yóò fi döngür ṣe? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹkún orí ìmọ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè dà bí àká: ó lè pa irúgbìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ ni ó lè gbìn ín.