Nígbà tí Akọrin Pa Ohùn Rẹ̀ Mọ́: Cat Stevens ní Ọdún 1977

Àwọn olólùfẹ́ Cat Stevens kì í sábà dárúkọ àwo orin rẹ̀ tí ń jẹ́ Izitso. Bí wọ́n bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀, Tea for the Tillerman ti ọdún 1970 ni wọn a fi bẹ̀rẹ̀, wọn a kan Teaser and the Firecat ti 1971, wọn a sì fò lọ tààrà sí ìròyìn bí ó ṣe di Mùsùlùmí. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín ni wọ́n ti sọ di ahoro. Inú ahoro yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a yà sí, nítorí orin kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀, tí a fi ẹ̀rọ oníná ṣe, tí ó sì wà fún ijó. Orúkọ rẹ̀ ni "Was Dog a Doughnut?" Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀, a ó ní, "Ǹjẹ́ ajá ti jẹ́ dónọ́ọ̀tì rí bí?" Ẹni tí ó bá rí ìtumọ̀ nínú ìbéèrè náà, kí ó wá sọ fún wa.

Kí ìyàlẹ́nu náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a rántí ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní 1948. Gíríìkì ará Cyprus ni bàbá rẹ̀, ará Sweden ni ìyá rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, orí àìsàn náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú jinlẹ̀ tí ó sì ń kọ orin. Gìtá onígi, ohùn tí kò pariwo, àti ọ̀rọ̀: ohun èlò mẹ́ta tí ó sọ ọ́ di olókìkí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ olùkọ́, wọ́n sì ń bi í ní ohun tí òun pàápàá ṣì ń wá kiri.

Nínú Izitso, tí ó jáde ní 1977, olùkọ́ yìí dákẹ́. Òun àti Bruce Lynch, ata-gìtá báàsì, pẹ̀lú Jean Roussel, atẹ-dùùrù, ni wọ́n jọ ṣe orin ajá náà. Ìlù kan ń lọ ní ìdúróṣinṣin. Lórí rẹ̀ ni ẹ̀rọ synthesizer ti ń mú gbólóhùn orin kúkúrú wá, tí ó tún ń mú un padà wá. Chick Corea, àgbà nínú orin jáàsì, fi dùùrù oníná dá sí i. A tún gbọ́ tí ajá ń gbó. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ díẹ̀, a kò sì gbọ́ kí Stevens kọ ẹsẹ orin kan ṣoṣo.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni ó jẹ́ tuntun níbẹ̀, nígbà tí onídùndún ilẹ̀ wa ti ń sọ̀rọ̀ láìla ẹnu láti ayébáyé. Àfiwé náà kò gún. Dùndún ń sọ̀rọ̀ ní ti gidi. Ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí, bí ó bá sì jẹ́ èébú, yóò mọ̀ pé wọ́n bú òun. Ẹ̀rọ Stevens kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ó ti yàtọ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣòro fún àwọn tí ó ti fi gbogbo ayé wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan wí pé àwàdà lásán ni. Àwọn mìíràn, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti tún ṣàwárí rẹ̀, fẹ́ fi í jẹ baba orin ijó oníná. N kò bá èyíkéyìí lọ. Kraftwerk ti Jámánì ti gbé Autobahn jáde ní 1974. Ní 1977 kan náà ni wọ́n gbé Trans-Europe Express jáde, tí Donna Summer àti Giorgio Moroder sì gbé "I Feel Love" jáde. Stevens kọ́ ni ó la ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n a kì í fi àwàdà lásán jó lẹ́yìn ọdún méje: ní 1984, Jellybean Benitez, ọ̀kan nínú àwọn tí ń lu àwo nílé ijó New York, tún orin náà ṣe fún àwọn oníjó tirẹ̀. Àwọn tí kò bìkítà fún Tea for the Tillerman rí ohun tí wọ́n lè lò nínú rẹ̀. N kò ní sọ pé orin náà kò ní àbùkù o. Ajá yẹn ń gbó ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà mìíràn a sì dà bí ẹni pé àwọn akọrin náà ń fi ẹ̀rọ tuntun ṣeré, bí ọmọdé tí a ra bàtà fún.

Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù ni ipò tí orin náà wà nínú ayé ẹni tí ó ṣe é. Láti Foreigner ti 1973, tí ó dá ṣe láìsí Paul Samwell-Smith tí ń bá a ṣe àwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí orin kan ṣoṣo sì gba gbogbo ojú kìíní rẹ̀, ni ó ti hàn pé gìtá àti ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti ń sú u. Nínú Izitso yìí kan náà, orin mìíràn wà tí àkọlé rẹ̀ wí pé òun kò fẹ́ di ìràwọ̀ rárá. Orin "Kypros", tí ó fi orúkọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ pè, kò ní ọ̀rọ̀ bákan náà. Nígbà tí ọdún 1977 fi máa parí, ní oṣù Kejìlá, ó gba ẹ̀sìn Islam. Ní 1978 ó di Yusuf Islam, ó tún padà sọ́dọ̀ Samwell-Smith, wọ́n ṣe Back to Earth, ó sì fi ìṣòwò orin sílẹ̀. Lójú tèmi, ó ti kọ́kọ́ yọ ohùn rẹ̀ kúrò kí ó tó yọ ara rẹ̀ kúrò. Inú ẹ̀rọ ni ó ti dán an wò bí ó ti rí kí ènìyàn wà láìjẹ́ Cat Stevens.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó tún gbé àwo jáde ní 1995, tí ó sọ ìtàn ayé Ànábì, ohùn ẹnu àti ìlù nìkan ni ó lò. Ní 1977, ohun èlò wà, ohùn kò sí. Ní 1995, ohùn wà, okùn gìtá kò sí. Ó di 2006, nínú An Other Cup, kí méjèèjì tó tún pàdé, gìtá onígi ni ó sì gbé padà wá bá wa.