Ìdógò Yàtọ̀ sí Ìfilédúró: Àríwísí lórí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀-Iṣẹ́ Ilé àti Ilẹ̀

Àwọn atúmọ̀ èdè kan a máa lo 'ìdógò' fún owó tí báńkì ń yáni lórí ilé. Lójú tiwa, ìtumọ̀ yìí ń ṣini lọ́nà. Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tó yáni lówó ni í máa lo ilẹ̀ tí a fi dógò. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ọjọ́ tí a bá san gbèsè ni a óò gba ilẹ̀ wa padà. Ti báńkì yàtọ̀: ayáwó ni í sábà máa gbé inú ilé, ṣùgbọ́n bí kò bá lè san gbèsè, báńkì lè ta ilé náà. Ẹni tó gbọ́ 'ìdógò' lè fọkàn balẹ̀ títí ilé yóò fi bọ́. 'Ìfilédúró' ni a fara mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 'ìwé ìní ilẹ̀'. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún tí a dá ni ìwé gómìnà ń fúnni. 'Ìwé-ẹ̀rí ìlòlẹ̀' ló bá òfin mu. Kí olùkọ́ tó fi ọ̀rọ̀-iṣẹ́ kọ́ni, kó kọ́kọ́ wo ohun tí yóò dé bá ẹni tó buwọ́ lùwé.